Àjèjì Tó Ń Wọlé Lẹ́yìn Tí Baálé Bá Jáde

Kí ẹnikẹ́ni tó fọnu nínú ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àmọ́ omi kò dún. Ìyàwó rẹ̀ dúró síta pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ léjìká, ó ń retí ìró omi. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ò tíì wẹ̀ o. Ilé ìwé ò ní dúró dè wọ́n."

"Mò ń bọ̀."

Nígbà tó jáde, omi ò kan ara rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le koko. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní ẹnubodè. Ìyá Ìbejì fẹ́ bi í pé kí ni òun ṣe, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọjọ́ ti pẹ́ díẹ̀ tí ọkùnrin náà ti ń wo òun báyìí, ó sì ní ohun tó ń dun òun ju ìwò lọ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ ló ń dùn ún. Ilé iṣẹ́ kan tó jìnnà réré ló gbà á láti máa bá àwọn oníbàárà wọn sọ̀rọ̀ láti inú ilé. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi kọ́ etí, wọ́n sì ní àwọn yóò kọ́kọ́ dán an wò. Iṣẹ́ náà kò nira. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bà jẹ́ á pè, á bínú, ìwọ náà á máa bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ohùn Ìyá Ìbejì ti ń já. Á sọ gbólóhùn kan, ìdajì rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ìdajì yòókù á ṣègbé sójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ títí, wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, àwọn yóò jókòó gbọ́ ọ. Bí ohùn rẹ̀ bá tún já, kó kó kọ̀ǹpútà wọn padà. Wọn ò béèrè ìdí. Irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìdí. Wọn ò mọ ilé rẹ, wọn ò mọ ojú rẹ, wọ́n kàn mọ iye ìgbà tí ohùn rẹ já.

Nídìí búrẹ́dì àti tíì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbejì ti lọ sílé ìwé. Ìyá Àgbà, ìyá baálé, tó dé lálẹ́ àná láti wá kí wọn, jókòó sí ìdí fèrèsé, ó ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì.

"Bàbá Ìbejì, òní ni wọ́n fẹ́ gbọ́ mi o. Nẹ́tíwọ̀kì yìí ńkọ́?"

"Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo wo fíìmù lálẹ́ àná, kò já rárá."

"Lálẹ́ ó máa ń dáa. Tí ẹ bá ti jáde láàárọ̀ ló máa ń kú."

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Tí mo bá ti jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń kú?"

"Ta ni ìbá sọ fún mi? Ṣebí èmi ni mò ń lò ó."

"Ìwọ lò ń lò ó. Ó dáa." Ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lu orí tábìlì. "Mo ti pààrọ̀ pásíwọ̀dù yẹn, mo tún ti pààrọ̀ rẹ̀. Ta lo fún?"

"Ta ni mo fún? Ẹ̀yin lẹ pè é fún mi, èmi ni mo fi sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n pe Ẹnjiníà kó wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mi ò fẹ́ rí ọwọ́ àbúrò ẹ nínú nǹkan yẹn mọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnì kan ló la ògiri ilé yìí."

Ìyá Àgbà gbé búrẹ́dì dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí ni. Mo dé lánàá, mo gbọ́ bí fíìmù ṣe ń pariwo nínú ilé ẹ̀. Níbo ló ti rí owó tó fi ń wo fíìmù? Tiyín ló ń fà."

Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe Aránṣọ. Ó mọ̀ ọ́n dájúdájú, a ó sì rí ìdí tó fi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì sọ pé rárá. "Ìfura loògùn àgbà," ló wí, ó sì jáde. Lóòótọ́ ni ìfura jẹ́ oògùn. Àmọ́ ẹni tó bá ń mu oògùn láìṣàìsàn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ṣé kò yẹ ká bá a gba ìgò náà lọ́wọ́?

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kí èèyàn méjì dúró síbẹ̀ lọ. Àgádágodo ló ń tún ṣe, kọ́kọ́rọ́ ló ń gé. Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó ń wá bá a. Lówùúrọ̀ yẹn, obìnrin kan gbé àgádágodo wá, ó ní kó bá òun pààrọ̀ inú rẹ̀ kí àbúrò ọkọ òun má lè ṣí yàrá ìkẹ́rù mọ́. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e tó fẹ́ mọ̀ bóyá àmì wà lára kọ́kọ́rọ́ òun pé ẹnì kan ti gé ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi etí gba irú ọ̀rọ̀ yìí jẹun lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rí ìka olè lára ife omi tirẹ̀.

Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó gbé e ti ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Inú fóònù náà ló ti ń wo ráútà ilé rẹ̀, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Ẹnjiníà, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ náà dá lápàárá nítorí pé kò sí ohun tí kì í tú, ló ti yọ ètò tí ráútà náà bá dé láti ilé iṣẹ́, tó sì fi òmíràn tó gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Ètò tuntun náà gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń fi gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá wọlé hàn, àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, àti bó ṣe sún mọ́ ráútà tó. Ó sì ń jẹ́ kí baálé kó ìjánu sí ẹnu èyí tó bá wù ú, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ á fi falẹ̀, láti ibikíbi tó bá wà. Ẹnjiníà rò pé òun ń ṣe àna òun lóore. Kò yẹ kéèyàn fi irú ojú bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fi ìfura jẹun.

Ohun tí ojú náà rí rèé. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ náà dé, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ kọ orúkọ sí i lára: Kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbejì. Láti ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà náà kò wọlé mọ́. Kò wọlé rárá. Àjèjì kan ló ń wọlé dípò rẹ̀, kété tí baálé bá ti jáde. Àjèjì náà á wà níbẹ̀ dìrọ̀lẹ́, á sì lọ kí baálé tó dé. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ́ orúkọ mìíràn, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀, kò sì sí lẹ́yìn ògiri Aránṣọ. Pálọ̀ ló wà. Ó sún mọ́ ráútà bí ẹni tó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì.

Ẹ bá mi wò ó. Ìyàwó ní òun ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò tan. Ẹnì kan ń wọlé lẹ́yìn ọkọ, ó ń jókòó sí pálọ̀, ó ń lọ kí ọkọ tó dé. Ọkùnrin náà ti rò ó títí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrònú rẹ̀ sì ń gbà. Kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè láti wá máa wo ilé. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Kò sì bi ìyàwó rẹ̀, torí ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló lò. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ olè pátápátá, olè á gba ibòmíràn, o ò sì ní mọ̀ ọ́n títí láé. Àmọ́ bí kọ́kọ́rọ́ bá há mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò dúró síbẹ̀ máa bá a jà, inú á máa bí i, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sì fi tú àṣírí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ti àjèjì náà síta. Àràárọ̀ ló ń kó ìjánu sí i lẹ́nu, tí íńtánẹ́ẹ̀tì á máa kán tó tó bí ẹ̀rọ omi tí kò tì dáadáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ké ni olè. Ta ló sì ń ké? Ìyàwó rẹ̀. Lójú Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ẹnu ìyàwó ni, ohùn ẹlòmíràn ni.

Lówùúrọ̀ yẹn, àjèjì wọlé bó ti máa ń ṣe, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ nu irin tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ kúrò, ó sì tẹ fóònù náà. "Máa ké," ló wí. Oníbàárà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rò pé òun ló ń bá wí.

Nílé, Ìyá Ìbejì ti ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí igun pálọ̀ kí ariwo ìta má bàa wọlé, ó ti kọ́ ohun etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò rí.

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Kí ni mo lè..."

"Mi ò gbọ́ o."

"Mo ní ẹ ṣeun tí ẹ..."

"Ṣé inú kànga lo wà ni? Ẹ fún mi léèyàn gidi jàre!" Ó sì gé e.

Èkejì bú u. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dúró bú u. Ní ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ni ìwé pélébé kan yọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀: "A rí i. A ó gbọ́ ọ lọ́sàn-án." Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, omi ojú gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ìrẹsì nítòsí, kò lè wo ẹkún náà. Obìnrin náà kò burú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló máa ń yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó gbé awo ìrẹsì sílẹ̀, ó jáde síta, ó dúró sábẹ́ fèrèsé Aránṣọ.

"Aránṣọ! Ìwọ Aránṣọ! Ṣé o ò lójútì? Ohun tí ọmọ mi ń fi òógùn ra, ìwọ ń fi wo fíìmù!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ nínú ilé. Aránṣọ, obìnrin tó lọ́jọ́ lórí díẹ̀, tó ń dá ọmọ rẹ̀ tọ́, yọ orí síta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó gún un mọ́ àyà ẹ̀wù.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Kí ni mo jí?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ilé wa!"

"Èmi náà ní tèmi, mo ń sanwó ẹ̀. Fíìmù tí ẹ gbọ́, rédíò ni." Ó wo Ìyá Àgbà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dé lánàá, ẹ ò tíì sùn ju oru kan lọ, ẹ ti mọ olè àdúgbò. Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta."

"Èmi lò ń pè lólè?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ wá pè mí." Ó sì pa fèrèsé dé. Àwọn aládùúgbò ti yọ síta. Obìnrin tó ń sá aṣọ lókè ní òun ti ń fura sí Aránṣọ tipẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní, "Nípa kí ni?" Ó ní òun ṣáà ń fura ni.

Ìyá Ìbejì wá fa ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ojú ti òun fúnra rẹ̀ débi pé kò lè gbójú sókè. Ìgbà yẹn ló pinnu pé ọ̀rọ̀ ọkọ òun tó sọ nídìí tíì, òun ò ní tẹ̀ lé e. Ó pe àbúrò rẹ̀.

Ẹnjiníà dé pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí Ìyá Àgbà nídọ̀ọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó ti ráútà bí dókítà.

"Àǹtí, níbo ló ti ń dùn ún?"

"Mo ní ohùn mi ń já, ìwọ ń ṣẹ̀fẹ̀."

Ó kọ́kọ́ gbé ráútà náà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò yí nǹkan padà. Ó pa á, ó tún un tàn. Bákan náà ni. Ó wò ó pé ráútà gbogbo àdúgbò ń gba ojú ọ̀nà kan náà sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń fi èjìká gba ara wọn, ó sì yí tiwọn sí ojú ọ̀nà tó ṣófo. Kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbejì ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó wá yọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú àpò, ó so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ilé náà. Ó sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

"Hẹn-ẹ́n. Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣàìsàn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún yín yìí ni mo fura sí."

"Gbogbo èèyàn ló ń fura," ni Ìyá Ìbejì wí. "Bàbá Ìbejì ń fura sí ẹ, Màmá ń fura sí Aránṣọ, ìwọ ń fura sí kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó ń tún nǹkan kan ṣe."

Ẹnjiníà fẹ́ fèsì ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bá dúró gbagidi. Ohun tó ń sáré níṣẹ́jú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí kán tó tó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá òun ló tẹ nǹkan tí kò yẹ. Ó ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń darí ráútà, ó kàwé níbẹ̀, ó sì tún un kà.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Àǹtí, wọ́n kó ìjánu sí mi lẹ́nu. Báyìí báyìí. Ẹ wò ó, orúkọ kọ̀ǹpútà mi rèé nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè yìí náà ní ìjánu, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan." Ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ náà, ó tẹ ibì kan nínú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Tiyín ni gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ yín ló ṣe kọ̀ǹpútà yìí kó máa pa orúkọ dà lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè tọpa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ yín náà ń fura. Ojoojúmọ́ lẹ ń wọlé bí àlejò, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń so yín."

"Ta ni ẹnì kan?"

Ẹnjiníà àti àna rẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ojú ewé yẹn. Ìyá Ìbejì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà tó ń ro ìrẹsì fi ọmọrógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn ìjánu náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹnì kan kò kúrò lórí fóònù. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti rí àjèjì kejì tó wọlé lọ́sàn-án gangan, ó ti so ó. Ní báyìí, ó ń wo bí ìjánu òun ṣe ń tú lójú òun, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Olè ti dé ìdí àpótí. Kíá ló pa kọ́kọ́rọ́ ojú ewé náà dà, ó sì pa wáì-fáì ilé náà pátápátá kí ẹni tó wà níbẹ̀ má rí ọ̀nà gbé e gbà. Ó pa ohùn fóònù rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọkùnrin àárọ̀, tó tún padà wá mọ̀ bóyá wọ́n gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ òun, sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ọ̀nà ilé.

Ó ku díẹ̀ kí àwọn ọ̀gá Ìyá Ìbejì pè.

"Ó ti lọ," ni Ẹnjiníà wí. "Ó ti tì mí síta. Mo lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ní parí kí wọ́n tó pè yín."

"Fóònù mi ńkọ́?"

"Nínú ilé yìí? Ẹ mọ̀ pé ó di àgbàlá kó tó mú, ariwo ibẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín."

Ìyá Ìbejì sáré jáde sí àgbàlá, ó pe ọkọ rẹ̀. Ó ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e. Ó dúró sí àárín àgbàlá náà, ó wo fèrèsé Aránṣọ tó wà ní títì láti àárọ̀. Ó padà wọlé, ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn.

Aránṣọ ló ṣí i.

"Màmá, mi ò ní ojú tí mo fi lè wò yín. Ohun tí wọ́n sọ sí yín láàárọ̀..."

"Kí lo fẹ́?"

"Wọ́n fẹ́ gbọ́ mi níbi iṣẹ́. Tí ohùn mi bá já, ó ti parí."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí."

Aránṣọ wò ó. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kó aṣọ tó ti gé kúrò lórí tábìlì, ó pa rédíò, ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ pásíwọ̀dù náà sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí igun, ó ń fi ọwọ́ rán bọ́tìnnì, kí ẹ̀rọ má bàa pariwo.

Ẹni tó mọ àgádágodo dunjú kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ara rẹ̀ dún. Nígbà tí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ìyá rẹ̀ tó wà ní ilé ìdáná kò gbọ́ ọ. Bàtà ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó. Kì í ṣe tirẹ̀. Ó rí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta sí igun pálọ̀, ó rí òjìji ọkùnrin tó ba lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fò mọ́ ọn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì já bọ́. Ó di ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin náà mú, ó fà á ya.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ lónìí! Inú ilé mi! Lẹ́yìn mi! O wá ń bá ìyàwó mi..."

"Bọ̀dá! Bọ̀dá, èmi ni!"

Ìyá Àgbà sáré wọlé pẹ̀lú ọmọrógùn. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó di àna rẹ̀ lọ́rùn mú. Ó ti gbọ́ gbólóhùn náà títí dé ibi tó dá dúró, kò sì ku ohun tí kò yé e mọ́.

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀wù náà. Ó ń wo ẹ̀yìn àga, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ẹni yòókù dà?"

"Kò sí ẹni yòókù," ni Ẹnjiníà wí, ó ń mí hẹlẹ. Ó sì ṣàlàyé fún un láìgbé ohùn sókè: kọ̀ǹpútà tó ń pa orúkọ dà, ilé iṣẹ́ tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àjèjì ojoojúmọ́ tí kì í ṣe ẹlòmíràn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn kan gba ògiri kọjá láti ọ̀dọ̀ Aránṣọ, ó ń lọ geere, kò já rárá: "Ẹ má bínú sà, ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe." Ohùn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bú u ni. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ohùn náà rí. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó gbọ́ ọ dé òpin.

Kò pẹ́ ni Ìyá Ìbejì wọlé. Ojú rẹ̀ mọ́. "Wọ́n gbọ́ mi! Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Màmá, wọ́n ní..." Ó rí ọkọ rẹ̀. Ó rí bùláńkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Ó rí ọrùn ẹ̀wù àbúrò rẹ̀. "Kí ló ṣe ẹ̀wù ẹ?"

Ẹnjiníà kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú àpò. "Ó há ni," ló wí, ó wọ bàtà, ó sì lọ láìdúró jẹun.

Ìyá Ìbejì wo ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ gbà lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì ti kà á dé èje. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọkùnrin náà, kò sọ̀rọ̀ sí i láìfi ọ̀wọ̀ pè é rí.

"Ta lo rò pé ó jẹ́?"

"Ìyá Ìbejì, o yẹ kó o ti sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà yẹn..."

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, ta lo rò pé ó jẹ́? Nínú pálọ̀ wa. Lẹ́yìn tó o bá jáde."

"Mo bi ẹ́. Mo ní ta lo fún ní pásíwọ̀dù."

"Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ẹjọ́ lo ti dá."

Ìrẹsì ti ń jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó dìde. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wo ìyá rẹ̀ bóyá yóò bá òun dá sí i.

"Dá a lóhùn," ni Ìyá Àgbà wí. Ó wọ́ gèlè rẹ̀ wálẹ̀ sọ́wọ́. "Èmi ń lọ bẹ obìnrin ẹ̀gbẹ́ yìí. O jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ tí mò ń pè é lólè, o sì mọ̀ pé kì í ṣe òun." Ó jáde, kò wo ẹ̀yìn.

Ó ku àwọn méjèèjì.

"Ọkùnrin," ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ka nǹkan fún ara rẹ̀ lọ. "Mo rò pé ọkùnrin ni."

Ìyá Ìbejì kò sunkún. Ó ti sun ti ọjọ́ náà tán láàárọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀ sórí tábìlì ní igun yẹn, ó tẹ́ ọwọ́ lé e.

"Ó dáa. Lọ́la, o ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wàá jókòó tì mí látàárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Wàá gbọ́ gbogbo èébú tí wọ́n ń bú mi. Tí ọkùnrin náà bá dé, ìwọ ni kó o ṣílẹ̀kùn fún un."

Ìyá Ìbejì tọ́ka sí igun náà.

"Àmọ́ wá ibi tí wàá jókòó sí o. Wo ibẹ̀ dáadáa, ìwọ tó o mọ bí olè ṣe ń wọlé. Àtọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."